Bí ajá mi tí ẹ̀rù ń bà ṣe jáwọ́ nínú títọ̀ sílé láìsí pàṣán

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù. Ajá tí ẹ̀rù ń bà tó ń tọ̀ kiri inú ilé, kò fi bá yín jà o, kò fi gbẹ̀san nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń lé ìtọ̀ yẹn jáde lára ẹ̀, ìgbà míì sì wà tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ó ti ń jáde. Mo ń kọ èyí torí mo mọ àwọn tó ti gbé ajá wọn fún ẹlòmíì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ àwọn tó so tiwọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé tí wọn ò jẹ́ kó wọlé mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bá a tọ́jú ni, ajá yẹn ì bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn ní pálọ̀ dòní.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá tèmi. Abo ni, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò lè tọ́jú ẹ̀ mọ́. Inú kéèjì lórí sìmẹ́ǹtì ló ti dàgbà, kò fi bẹ́ẹ̀ rí èèyàn, kò tẹ koríko rí, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kéèyàn mú òun jáde lọ rìn. Kì í gbó, kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹsẹ̀ èèyàn ló ṣáà máa ń tẹjú mọ́, tí ẹsẹ̀ yẹn bá sún kíá báyìí, gbogbo ara ẹ̀ á gbọ̀n. Kò pẹ́ tó dé tí òórùn ìtọ̀ fi gba pálọ̀, ó gba kọ́ridọ̀, ó dé ibi tá à ń kó bàtà sí.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, mo sì bẹ̀ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ajá àgbà tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lè ní kòkòrò nínú àpò ìtọ̀, ó lè jẹ́ òkúta ló wà nínú àpò ìtọ̀ ẹ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ kíndìnrín. Abo tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ ẹ̀ tún ní tiẹ̀, iṣan tó ń dí ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ máa ń dẹ̀ lára àwọn míì nínú wọn, ìtọ̀ á wá máa jò lójú oorun, ilẹ̀ á mọ́ ẹ óò rí i pé ibi tó sùn sí ti rin gbindin, ìyẹn ò gbẹ̀kọ́, oògùn ló ń gbà. Oògùn náà sì lè fà á, bíi prednisolone, òùngbẹ á máa gbẹ ajá tó ń lò ó gan-an, omi tó ń mu ní gbogbo ìgbà yẹn, ibì kan ló máa gbà jáde. Dókítà ní kí n gba ìtọ̀ Tanímọ̀la wá, ìyẹn alára ò rọrùn torí tí ọwọ́ mi bá ti sún mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ báyìí á ti sá, mo wá so ike pẹlẹbẹ kan mọ́ orí igi gígùn, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́ridọ̀ níbi tó máa ń tọ̀ sí láàárọ̀, mi ò wojú ẹ̀, bó ṣe lóṣòó ni mo rọra ti ike yẹn sábẹ́ ẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ dáa, ti ẹ̀jẹ̀ náà dáa. Ìgbà yẹn lọkàn mi wá balẹ̀ pé a lè dojú kọ ẹ̀rù.

Dókítà yẹn náà ló ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti tọ̀, kí n kọ aago, kí n kọ ibi tó tọ̀ sí, kí n kọ bí ìtọ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó, èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ṣáájú ẹ̀. Orí fóònù ni mò ń kọ ọ́ sí, tí mi ò bá sí nílé àwọn yòókù á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "ó ti tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìdérí ìkòkò ló já lulẹ̀ ní kíṣìnnì", "ó tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú un wọlé ni". Nígbà tí mo ka gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, mo rí i pé oríṣi mẹ́ta ni ohun tá à ń pè ní ìtọ̀ yìí. Ọ̀kan wà tí kì í pọ̀, bí ẹnì kan bá wọlé tàbí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló máa ń já sílẹ̀. Ọ̀kan wà tó máa ń pọ̀ yàà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tá a bá ti òde dé ni ìyẹn. Èyí tó kù, ìgbà tí kò bá sí èèyàn kankan nílé ni, ìgbẹ́ sì máa ń wà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀rù ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ohun tó ń ba ajá yìí lẹ́rù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra wọn, ìtọ́jú wọn náà sì yàtọ̀.

Ti ìkíni yẹn, ọ̀nà tí ajá fi ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ọmọ ajá máa ń ṣe é fún ajá tó jù ú lọ, ó ń sọ pé òun ti túúbá, kí wọ́n má fìyà jẹ òun, kò sì lè dá a dúró bí èèyàn ò ṣe lè dá gbígbọ̀n ara dúró nígbà tí òtútù bá ń mú un. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ óò rí i kí ìtọ̀ tó jáde. Etí ẹ̀ á lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ orí. Á máa lá ètè láìsí oúnjẹ kankan níbẹ̀, á máa yán bíi pé oorun ń kùn ún, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ á ṣì wà lára yín débi tẹ́ ẹ óò fi máa rí funfun ẹyinjú. Ìrù á wọ àárín itan, ẹ̀yìn á tẹ̀, lẹ́yìn náà á dẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á yọ ikùn síta. Tó bá ti dé bẹ́ yẹn, ó ti pẹ́ jù, ẹ kàn kúrò níwájú ẹ̀ ni.

Ohun tá a ṣe ni pé gbogbo wa yí bí a ṣe ń wọlé padà. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn mọ́, kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ gba orí ẹ̀, torí ọwọ́ tó bá ti òkè bọ̀ ajá tí wọ́n ti nà rí mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Tí a bá wọlé, a ò ní wojú ẹ̀, a ò ní pe orúkọ ẹ̀, a óò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, a óò lọ jókòó sílẹ̀, a óò kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, a óò ju ẹran wẹ́wẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ jìnnà sí wa kó lè fi imú wá a. Tí orí ẹ̀ bá wà nílẹ̀ tí imú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ máa ń rọ̀. Tó bá wá fúnra ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni, abẹ́ àgbọ̀n tàbí àyà ni ká fọwọ́ kàn, kò gbọdọ̀ pẹ́, ká gbọ́wọ́ kúrò, ká wò ó bóyá ó tún ń bẹ̀ wá sí i. Ọmọ mi obìnrin ló nira fún jù, torí ọmọdé fẹ́ràn kó sáré wá dì mọ́ ajá, ṣùgbọ́n ìgbà tó rí i pé tóun bá jókòó jẹ́ẹ́ Tanímọ̀la á wá gbé orí lé òun lẹ́sẹ̀, òun ló wá di ẹni tó ń bá àwọn àlejò wí. Tó bá ṣèèṣì tọ̀ láàárín ìkíni, a ò ní sọ nǹkan kan, a ò ní sọ pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" ká tún máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a óò kúrò níbẹ̀, tó bá ti lọ síbòmíì la óò wá nù ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kí wa láàárín ìgbà yẹn. Ó ní, "Ìwọ yìí ń ṣìkẹ́ ajá jù. Gbá imú ẹ̀ mú kó o fi tẹ ìtọ̀ yẹn, fún un ní pàṣán méjì, kò tún jẹ́ dán an wò mọ́." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án o, ohùn yín lásán ló gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń mú un tọ̀, tí mo bá wá nà án, ṣé ẹ̀rù yẹn máa dín kù ni?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Ó ṣáà mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ṣé o ò rí bó ṣe ń gbé ojú sílẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nìyẹn, ẹ sì jẹ́ ká mú un dáadáa. Ní 2009, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Alexandra Horowitz yẹ ojú tí a ń pè ní ojú ẹ̀bi yìí wò. Ó ní kí àwọn tó ni ajá kìlọ̀ fún ajá wọn pé kó má jẹ oúnjẹ kan, kí wọ́n wá jáde kúrò nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìgbà míì wọ́n á sọ fún wọn pé ajá ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹ́ rárá. Ohun tó rí ni pé ìbáwí ló ń mú ojú yẹn wá, bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́ ò yí i padà, kódà àwọn tí kò jẹ nǹkan kan tí wọ́n wá bá wí lọ́fẹ̀ẹ́ ni ojú ẹ̀bi ọ̀hún pọ̀ lára wọn jù. Ara wa ni ajá ń kà. Ó rí i pé èjìká wa ti le, ohùn wa ti yí, ó ń bẹ̀ wá ni. Àwọn onímọ̀ kan ní Portugal náà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2020, wọ́n wo ajá 92 láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ ajá, àwọn tí wọ́n ń fi ìjagbè àti fífa okùn ọrùn kọ́ ni ara wọn ò balẹ̀ jù, èròjà cortisol tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà sì ga sí i nínú itọ́ ẹnu wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ju ti àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ àti ìyìn kọ́ lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún sọ èyí tí mo fojú ara mi rí lára ajá ọ̀rẹ́ mi kan, pé ajá tí wọ́n bá nà nítorí ìtọ̀, ohun tó ń kọ́ ni pé ó léwu kóun tọ̀ níwájú èèyàn. Á wá máa lọ tọ̀ sẹ́yìn àga níbi tẹ́ni kankan ò ti ní rí i. Ẹ bá mú un jáde, tẹ́ ẹ di okùn ẹ̀ mú tẹ́ ẹ dúró tì í, kò ní tọ̀, torí ẹ̀yin náà lẹ dúró níbẹ̀ yẹn.

Òde gan-an ló le jù fún wa, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ẹ̀kọ́ jù. A lè wà níta fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kó má kán ẹ̀kán kan sílẹ̀, ká wá wọlé kó yọ́ lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì kó da gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ wò ó lójú tiẹ̀ ná. Níta, ọkọ̀ ń fọn fèrè, ajá ẹlòmíì ń gbó, ọ̀rá kan ń fẹ́ kọjá, ilẹ̀ tó tẹ̀ ò dà bí ilẹ̀ tó mọ̀. Ara tó ń ṣọ́ ewu ò lè tú ìtọ̀ sílẹ̀, torí tó bá lóṣòó kò ní lè tètè sá. Ìgbà tó bá wọlé, tí ilẹ̀kùn bá tì, tí ó gbọ́ òórùn ilé, ara ẹ̀ á wá tú, ìtọ̀ tó ti ń dì mọ́ra á jáde. Inú ilé nìkan lọkàn ẹ̀ ti ń balẹ̀ tó láti tọ̀. Torí náà iṣẹ́ wa ni pé ká wá ibì kan níta tọ́kàn ẹ̀ ti máa balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A mú igun kan lẹ́yìn ilé, nítòsí ilẹ̀kùn, tí kò kọjú sí títì. Ilẹ̀kùn kan náà la ń gbà jáde, igun kan náà la ń lọ, òwúrọ̀ kùtù tí ariwo ò tíì pọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Mo yọ okùn tó ń fún un lọ́rùn, mo ra èyí tó gba àyà ẹ̀ kọjá, mo so okùn gígùn tó fúyẹ́ mọ́ ọn kó má bàa máa rò pé mo ń fa òun. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn mi ò tiẹ̀ retí pé kó tọ̀ rárá. Mo kàn ń da ẹran adìyẹ sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ sílẹ̀, mo dúró, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mi ò sọ̀rọ̀. Kò fẹnu kàn án. Ẹran tó máa ń já gbà lọ́wọ́ wa nínú ilé, níta kò wò ó, ohun tí mo sì fi ń wọn ẹ̀rù ẹ̀ nìyẹn, torí ajá tí ìbẹ̀rù bá gbà lọ́kàn tán kì í lè jẹun. Tí kò bá ti jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ṣì le jù fún un, a óò wọlé láìpẹ́, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó wá di ọjọ́ kan tó gbé ọ̀kan jẹ, tó wo ẹ̀yìn, tó tún gbé ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn lọ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà ti là.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún kù. Ajá máa ń fẹ́ tọ̀ sórí irú ilẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára láti kékeré, sìmẹ́ǹtì sì ni tiẹ̀. Àwa ń mú un lọ sórí koríko, koríko ọ̀hún ń ta á lẹ́sẹ̀, á máa gbé ẹsẹ̀ sókè sódò. Mo wá ibi tí sìmẹ́ǹtì wà ní igun yẹn, mo mú àkísà tí mo fi nu ìtọ̀ ẹ̀ nílé, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó fi imú kàn án. Ó yí po, ó tún gbọ́ òórùn ẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, etí ẹ̀ kan wà lẹ́yìn, ìkejì wà níwájú, ó wá rọra lóṣòó. Mi ò mira. Mi ò yìn ín nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, torí tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀, ajá tó ń bẹ̀rù á dá a dúró, á lọ parí ìyókù sílé. Ìgbà tó dìde ni mo sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé "o káre", mo sì fi ẹran sílẹ̀ níwájú ẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ tó fún un, wíwọlé lẹ san owó ẹ̀ yẹn o, ẹ ò san ti ìtọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń sún àkísà yẹn díẹ̀díẹ̀ sí etí koríko, títí ó fi di orí koríko, títí a fi mú un kúrò pátápátá. Mo tún máa ń sọ "ó yá, tọ̀" bó bá ṣe ń lóṣòó, gbólóhùn kan náà, ohùn kan náà, títí ó fi di pé tí mo bá sọ ọ́ báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa yí po. Wọ́n máa ń sọ pé tí ajá bá ti tọ̀ tán ẹ má tètè mú un wọlé, kó má bàa rò pé ìtọ̀ ló ń gba ìgbádùn òde lọ́wọ́ òun, òótọ́ ni fún ajá tó fẹ́ràn òde. Tiwa yàtọ̀. Ilé ni òun ń wá, torí náà bó bá ṣe jẹ ẹran ẹ̀ tán, kíá la ń wọlé, ìyẹn gan-an ni ẹ̀bùn tó tóbi jù fún un. Ẹ wo ajá tiyín kẹ́ ẹ mọ èwo ló ń wù ú.

Tó bá jáde tí kò tọ̀, mi ò ní tú u sílẹ̀ nínú ilé. Mo máa ń jẹ́ kó wà nítòsí mi, okùn ẹ̀ á wà lára àga tí mo jókòó lé, tó bá tó ìṣẹ́jú 15 a tún jáde. Ojú yín á mọ àmì ẹ̀ tó bá yá, á dìde láìsí ìdí, á máa gbọ́ òórùn ilẹ̀, á máa yí, á wo ilẹ̀kùn. Kẹ́ ẹ má dúró de àmì yẹn gan-an ló dáa jù. Tó bá jí, ẹ jáde. Tó bá ṣeré tán, ẹ jáde. Oúnjẹ tó bá wọ ikùn máa ń ti ìgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ajá máa ń fẹ́ yàgbẹ́, ìdí tí mo fi ń fún un lóúnjẹ ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́ nìyẹn, èmi náà á lè mọ ìgbà tí nǹkan máa jáde. Omi ní tiẹ̀, ẹ má fi dù ú láéláé. Ẹni tó bá ní ọmọ ajá, ẹ má retí ohun tí ara ẹ̀ ò tíì lè ṣe, ìṣirò tí wọ́n máa ń lò ni pé kẹ́ ẹ fi 1 kún iye oṣù tó ti lò láyé, ẹ óò mọ iye wákàtí tó lè mú ìtọ̀ mọ́ra lójú mọmọ, ọmọ oṣù 3 lè tó wákàtí 4, ìyẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀rù tún máa ń gé e kúrú.

Nínù ilẹ̀. Ẹ má lo ohunkóhun tó ní ammonia, òórùn ẹ̀ jọ ti ìtọ̀, ńṣe lẹ tún ń sàmì sí ibẹ̀ fún un. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi fa gbogbo ìtọ̀ mu, ẹ má fi ra ilẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ da ọṣẹ olómi tó ní enzyme sí i, enzyme yẹn ló máa jẹ ohun tó ń rùn nínú ìtọ̀, ó sì ń fẹ́ àsìkò, torí náà ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ara ìgò ọṣẹ ṣe sọ. Omi gbígbóná lórí kápẹ́ẹ̀tì ò dáa, ó máa ń jẹ́ kí òórùn náà dì mọ́ ọn. A tan tọ́ọ̀ṣì UV lálẹ́ kan, ìyẹn tọ́ọ̀ṣì tí iná ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú ìtọ̀ tó ti gbẹ hàn nínú òkùnkùn, a wá rí àwọn ojú ibi tó ti pẹ́ tá ò mọ̀ rárá, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló pọ̀ sí jù, bí a ṣe nu àwọn ibẹ̀ yẹn tán ló dẹ́kun lílọ síbẹ̀.

Ti ìgbà tó bá dá wà ló pẹ́ jù. Mo gbé fóònù àtijọ́ kan sílẹ̀ kó máa ya fídíò. Mo wò ó, ó dùn mí gan-an. A ò tíì rìn jìnnà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀, ahọ́n wà níta, itọ́ ń já bọ́, á lọ sẹ́nu ọ̀nà á fi èékánná ha á, ibẹ̀ náà ló wá tọ̀ sí tó sì ti yàgbẹ́, lẹ́yìn náà ló hu. Ajá tí ilé sú lásán kì í ṣe báyẹn. Ìpayà ni. Àwọn kan ní ká ra kéèjì. Kéèjì dáa fún ọ̀pọ̀ ajá, tí kéèjì náà bá tóbi tó kí ajá lè dìde, kó yí padà, kó na ara nínú ẹ̀, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ láti fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ajá tí ìpayà bá bá nínú ẹ̀ máa ń fi eyín àti èékánná ya irin títí á fi ṣe ara ẹ̀ léṣe, tiwa sì rèé, inú kéèjì ni ìyà ti jẹ ẹ́ dàgbà. Mi ò fi sí i.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, màá tún jókòó, títí dídún kọ́kọ́rọ́ yẹn ò fi mú un dìde mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tì í, mo jáde, mo wọlé kí ìpayà tó bẹ̀rẹ̀, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá le fún un màá dín in kù. Títí ó fi lágbára a ò fi í sílẹ̀ nìkan, a pín in láàárín ara wa, aládùúgbò wa kan náà bá wa dá sí i, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Dókítà sọ fún wa nígbà yẹn pé oògùn wà tó lè ràn án lọ́wọ́, ní Amẹ́ríkà wọ́n fọwọ́ sí clomipramine fún ajá tí kò lè dá wà ní 1998, wọ́n sì fọwọ́ sí fluoxetine ní 2007, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ni wọ́n jọ ń rìn, oògùn nìkan ò tó. Mo gbà kó lò ó. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn kan kórìíra ọ̀rọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ajá tí orí ẹ̀ ti dàrú ò lè gbọ́ ẹ̀kọ́ kankan, tó bá jẹ́ pé oògùn ló máa jẹ́ kó gbọ́, àánú ni ká fún un. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má bù ú lára ti èèyàn fún un o, dókítà ló gbọ́dọ̀ wọn ọ́n, òun náà ló sì máa sọ bí ẹ ṣe máa dáwọ́ ẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀.

Ó máa ń padà sẹ́yìn. Òjò tó sán ààrá lóru kan dá wa padà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn tó wá kun ilé wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo padà sí igun wa yẹn, òwúrọ̀ kùtù, ẹran wẹ́wẹ́, bíi pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Inú ilé ti gbẹ báyìí. Àlejò tó bá ń bọ̀, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i ṣáájú pé kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kó má wò ó lójú, kó jókòó, ajá á fúnra ẹ̀ wá kí i, àwọn tó bá gbọ́rọ̀ kì í rí ìtọ̀ kankan. Ọkùnrin tó bá dé fìlà ńlá ṣì máa ń kó o láyà jẹ.

Èyí tó kù tá a ń bá yí báyìí ni ọkọ̀. Tó bá ti wọnú ẹ̀ báyìí ló máa ń tọ̀, bóyá torí pé ọkọ̀ ló gbé e kúrò níbi tó mọ̀ wá síbi tí kò mọ̀. Ọkọ̀ náà wà ní pípa, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, èmi ti jókòó sínú ẹ̀, ẹran wà létí ìjókòó. Lánàá ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì wọlé, ó jẹ ẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Lọ́la màá sún ẹran yẹn wọlé díẹ̀ sí i.